Gbígbé e ka iná lẹ́ẹ̀kejì kò sọ ìrẹsì àná di tuntun

Lọ́dọọdún, tí Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn ìyá ìjọ bá jókòó láti pín iṣẹ́ oúnjẹ àpèjẹ àwọn ọmọ Sáńdè-sùkúù, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: “Ẹ jẹ́ ká ti se ìrẹsì yẹn sílẹ̀ lálẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó tún un gbé ka iná, gbogbo kòkòrò inú ẹ̀ á kú.” Wọ́n tún sọ ọ́ lọ́dún yìí, gbogbo ilé sì ń mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Kì í ṣe òótọ́, àwọn ọmọdé ló sì ń jìyà rẹ̀.

Kòkòrò tí ọ̀rọ̀ kàn kéré débi pé ojú kò lè rí i, ó sì ní orúkọ: Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, láti oko ló sì ti ń bá ìrẹsì wọnú àpò, ìbáà jẹ́ ọ̀fadà, ìbáà jẹ́ èyí tó ti òkè òkun wá. Ẹ fi omi mẹ́ta fọ̀ ọ́, kò ní kúrò tán. Bí omi bá ti ń hó, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú, ṣùgbọ́n àwọn kan á ti di ara wọn sínú èèpo líle tí omi híhó kò ràn. Wọn á dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí iná bá kú, tí ìkòkò sì lọ wọ́ọ́rọ́, wọn á jí, wọn á sì máa bí sí i. Nínú ooru ilé ìdáná tiwa, tó máa ń tó 28 sí 32°C, kí wákàtí kan tó pé wọ́n ti lè di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méje àárọ̀: ẹyọ kan á ti lé ní 500.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Wọ́n rò pé tí kòkòrò bá ti kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ bí kòkòrò yìí ṣe ń bí sí i, bẹ́ẹ̀ ló lè máa tu oró kan tó ń jẹ́ cereulide sínú oúnjẹ. Oró yìí kì í ṣe ohun abẹ̀mí, kò ní ẹ̀mí tí iná máa gbà. Wọ́n ti gbé e sínú ooru 121°C fún 90 ìṣẹ́jú, agbára rẹ̀ wà síbẹ̀. Omi tó ń hó nínú ìkòkò wa kì í ju nǹkan bí 100°C lọ. Iná àárọ̀ pa kòkòrò, ó fi oró sílẹ̀ sínú ìrẹsì. Oró náà kò rùn, kò kan, kò yí àwọ̀ padà. Ẹni tó tọ́ ọ wò tó ní “ó ṣì dáa” ń sọ bó ṣe dùn lẹ́nu ni, ahọ́n rẹ̀ kò lè mọ oró. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ, èébì á dé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ á sì ti dé ilé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó se oúnjẹ kì í fi í gbọ́.

Ó ti pa èèyàn. Lọ́dún 2008, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ ẹni ogún ọdún jẹ sùpágẹ́tì àti ọbẹ̀ tòmátò tó ti wà níta nínú ilé ìdáná fún ọjọ́ márùn-ún. Ó gbé e sínú máíkírówéèfù kó tó jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí inú fi ń rú u, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Lórílẹ̀-èdè yẹn kan náà, lọ́dún 2003, àwọn ọmọ ìyá márùn-ún jẹ sàláàdì tí wọ́n fi pásítà ṣe, ọmọbìnrin ọdún méje kan kú nínú wọn. Inú fíríìjì ni sàláàdì yẹn wà, ṣùgbọ́n fíríìjì ọ̀hún wà ní 14°C, kò tutù tó. Kí ẹni tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò rẹ̀ fara balẹ̀ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹran díndín náà ní tirẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus ń gbé inú ihò imú àti ojú eéwo. Ẹni tó fi ọwọ́ nu imú, tó wá ń fi ọwọ́ yẹn ṣa adìyẹ díndín sínú abọ́, ti gbin kòkòrò sí i. Bí ẹran náà bá sùn sínú abọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, oró tirẹ̀ náà lè wà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi híhó. Nítorí náà, ẹni tó ní eéwo tàbí egbò lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ gé ẹran, kò gbọ́dọ̀ bu oúnjẹ. Ẹ ní kó lọ máa to àga.

Ní ti ọbẹ̀ ata, wọ́n ní epo tó bò ó lórí ló ń dáàbò bò ó. Afẹ́fẹ́ ni epo yẹn ń dí lọ́nà, kòkòrò inú ẹran tó ń jẹ́ Clostridium perfringens kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Ooru 43 sí 47°C ló bá a lára mu jù. Ẹ fọwọ́ kan ara ìkòkò ńlá tó sùn mọ́jú lórí àdògán, ìta rẹ̀ á ti tutù. Ẹ wá ti ṣíbí onígi gígùn bọ àárín rẹ̀, kí ẹ rú u wá sókè: èéfín tín-ín-rín á ṣì máa jáde lábẹ́ epo. Àárín yẹn ni kòkòrò ti ń ṣọdún tirẹ̀ láti òru. Mo gbà pé ti eléyìí, iná àárọ̀ lè ràn wá lọ́wọ́, torí inú ikùn èèyàn ló ti ń tu oró rẹ̀. Àmọ́ kí gbogbo ìkòkò hó látìsàlẹ̀ dókè ni o, kì í ṣe kí etí rẹ̀ máa hó kí àárín máa lọ wọ́ọ́rọ́.

Wọ́n á ní ìyá wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ìyá wa kéré, orí ẹ̀ṣẹ́ná ló sì ń jókòó sí. Kì í tutù. Wọ́n á ní a ti gbàdúrà sí i. Ẹ gbàdúrà, èmi náà á ṣe àmín, ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣe ìwé àṣẹ láti fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu. Tí ọmọ bá wá ń bì, wọ́n á ní ẹnì kan ló fi nǹkan sí oúnjẹ, wọ́n á sì máa wo ìyá àgbà kan lójú. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ìkòkò tó sùn ló ń dá àìsàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú mọ èyí tó máa dá a.

Ohun tó ṣeé ṣe sílẹ̀ pọ̀. Ẹ lọ ata, tòmátò àti àlùbọ́sà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ dín in, ẹ jẹ́ kó tutù nínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ pín in sínú ọ̀rá ní lítà kọ̀ọ̀kan sínú fíríísà. Ẹ din ṣinṣín, ẹ rọ ọ́ sínú agolo. Ó gbẹ, kò ní wàhálà. Ìrẹsì ní tirẹ̀, ẹ ṣà á, ẹ wọ̀n ọ́n, kó mọ síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ àpèjẹ ni kó rí iná. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ràgàjì kan. Ẹ sè é ní ìkòkò méjì mẹ́ta, kí èyí tó kẹ́yìn sọ̀ nígbà tí ìsìn bá ń parí lọ.

Kúlà kì í dáná, ooru tó bá bá nínú ìrẹsì ló ń tọ́jú. Ẹ da omi híhó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dà á nù, ẹ bu ìrẹsì láti orí iná kún un dé ẹnu, ẹ dé e pa. Kúlà tó dé ìlàjì á yára tutù, èyí tí gbogbo èèyàn ń ṣí wò náà á yára tutù. Ẹ ra tẹmọ́mítà oúnjẹ kan fún ìjọ. Tí ooru ìrẹsì bá ti ń wálẹ̀ sún mọ́ 60°C, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Bí ẹ bá ní dandan ni kẹ́ ẹ tọ́jú díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè, kó má nípọn ju ínǹṣì méjì lọ, kí ó sì wọ fíríìjì tó wà ní 5°C kí wákàtí méjì tó pé. Tí kò bá sí iná láti àárọ̀, àpótí lásán ni fíríìjì yẹn.

Àjẹkù tó ti wà níta láti ọ̀sán títí tí àwọn akọrin fi parí orin ìrọ̀lẹ́, ẹ má dì í fún àwọn ọmọ lọ sílé. Ẹ má sì gbé e fún ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dà á nù.