Kì í ṣe tòmátò alágolo ló ń mú ọbẹ̀ pízà ki

"Tòmátò tútù kò lè ki tó ti pízà, omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àfi kéèyàn já tòmátò alágolo sí i, tàbí kó po kọnfúláwà mọ́ ọn." Ẹnu àwọn tó ń dáná pízà tà láti ilé wọn ní Kubwa àti Nyanya, níbí ní Àbújá, kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè lórí fóònù náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló sì mú kó ṣòroó já. Omi pọ̀ nínú tòmátò lóòótọ́. Ibi tí wọ́n wá gbé e lọ lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò bá wọn dé.

Kí ló wà nínú agolo náà? Tòmátò ni, tí wọ́n ti lé omi rẹ̀ lọ. Nínú kílò kan tòmátò tútù, nǹkan bíi gíráàmù 950 ló jẹ́ omi. Gíráàmù 50 tó kù ni ẹran ara rẹ̀, ṣúgà rẹ̀, kíkan rẹ̀ àti fọ́nrán rẹ̀. Ìlànà Codex, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣe òdiwọ̀n oúnjẹ, sọ pé ohun tí a bá máa pè ní pésìtì tòmátò gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 24 nínú ìdá 100 tí kì í ṣe omi. Èyí tó dáa lọ́jà máa ń tó 28. Ẹ wá ṣírò ọ̀rá kékeré oní-gíráàmù 70 tí gbogbo wa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò: bó bá jẹ́ ojúlówó, ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bíi gíráàmù 400 tòmátò tútù, ìyẹn bíi tòmátò márùn-ún tó mọ níwọ̀n. Mo ní bó bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ yí ọ̀rá náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wọn ni sítáàṣì, irú ohun tó wà nínú kọnfúláwà, wà nínú rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́, àwa ni a kì í kà á.

Nígbà náà, kí ló dé tí tòmátò tí a fi owó wa rà ní ọjà Wuse ń ṣàn bí omi? Ọwọ́ wa ni. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe ata ọbẹ̀ la ṣe ń ṣe ti pízà: a ó gé tòmátò sínú bíléńdà ní tútù, a ó bu omi lé e kó lè yí, a ó lọ̀ ọ́ kúnná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó fi í sílẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá dá a padà. Ìgbà tí a bá wá gbé e kaná, omi ti dá sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, èyí tó pupa ti léfòó. Orí tòmátò la ó wá di gbogbo ẹ̀bi rù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ara tòmátò, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní pectin, òun náà ló ń mú jáàmù dì. Òun ló ń di omi tòmátò mú tí kò fi ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n inú tòmátò yẹn kan náà ni àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù wà, tó máa ń já pectin sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí tòmátò bá ṣì wà lódindi, wọn ò ráyè ara wọn. Bí abẹ bíléńdà bá ti fọ́ ọ ní tútù báyìí, wọ́n ti pàdé nìyẹn. Bí ó bá sì ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó kó tó kan iná ni pectin ṣe ń tán tó. Ọbẹ̀ tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ lè máa fi gáàsì sè é títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Yóò dín kù, yóò sì dúdú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bù ú sórí àwo, omi á tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pésìtì kì í fi èyí ṣeré. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ki, bí wọ́n ṣe ń fọ́ tòmátò ni wọ́n ń gbé ooru rẹ̀ lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kíákíá, kí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yẹn lè dópin. Èyí tí wọ́n bá fọ́ ní ìwọ̀n 60 sí 70 máa ń ṣàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn tòmátò tútù máa ń pọ̀ sí i lára rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó mú ti inú agolo ki kò ju pé ó tètè rí iná, tí wọ́n sì lé omi rẹ̀ lọ. Méjèèjì ni ilé ìdáná yín lè ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìkòkò kaná kó gbóná. Ìkòkò tó fẹ̀ ni kí ẹ lò, kó má jẹ́ èyí tó jìn. Ẹ gé tòmátò sí méjì-méjì, ẹ kó o sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ dé e. Ẹ má bu omi kankan sí i. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé yóò jó, kò ní í jó bí ẹ bá ń rò ó díẹ̀díẹ̀, omi ara rẹ̀ á tètè jáde. Ìgbà tó bá ti hó dáadáa tí èèpo rẹ̀ ń ká kúrò, nígbà náà ni kí ẹ tó fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kọjá nínú asẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná, ẹ má sì kún bíléńdà, torí ooru lè ṣí ìdérí rẹ̀ sí yín lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sínú ìkòkò fífẹ̀ yẹn, ẹ ṣí i sílẹ̀ lórí iná tí kò pọ̀. Ojú ọbẹ̀ ni omi ń gbà jáde; bí ojú rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe yá tó. Kílò kan yóò kù sí bíi gíráàmù 400, ìyẹn sì tó pízà mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Àwọn kan wà tó rò pé àwọn ti rí ọgbọ́n dá: wọ́n á se tòmátò, wọ́n á dà á sínú asẹ́, omi pupa náà á sì gba ojú síńkì lọ. Ó ki lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn, wọ́n á wá máa wá magí kiri. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Reading ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde pé glutamate, tí í ṣe ohun tó wà nínú ajínamótò, pọ̀ nínú omi yíyọ̀ tó yí kóró tòmátò ká ju inú ẹran ara rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti sẹ́ omi yẹn, ẹ gbé e kaná lọ́tọ̀ nínú páànù ìdíńdòdò títí yóò fi máa fà bí oyin, kí ẹ dà á padà.

Kọnfúláwà ńkọ́? Ẹ kàn ń tan ojú ni. Kíkan tòmátò àti ooru máa ń jẹ agbára sítáàṣì, nítorí náà ọbẹ̀ tó ki ní àárọ̀ lè ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú fíríìjì, omi á tún já lára rẹ̀, lórí pízà á wá máa yọ̀. Káún tí àwọn kan ń fi sí i láti pa kíkan rẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn. Ó ń rú fóòmù, ó sì ń sọ adùn rẹ̀ di bí ọṣẹ. Àlùbọ́sà tí ẹ bá fi iná jẹ́jẹ́ dín nínú òróró máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹni tó ń gbé Àbújá kò yẹ kó ṣàròyé nípa tòmátò rárá. Àwọn ará wa ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ní tòmátò ìbílẹ̀ tó pín igun-igun, oníkóró púpọ̀, tó kan, tó sì lómi. Ó dáa fún ọbẹ̀ ilé. Àwa tí a wà lókè níbí, láti Kánò, Zaria àti Jigawa ni tiwa ti ń wá: èyí tó gùn bí ẹyin, tí ẹran rẹ̀ nípọn, tí kóró rẹ̀ kò pọ̀. Òun náà ni àwọn ará Èkó ń pè ní tòmátò Hausa, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ní Mile 12 kí wọ́n tó rí i rà. Láti bí oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, nígbà tí tòmátò odò bá jáde, ó máa ń pọ̀ débi pé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á: èyí tó pọ́n dénú ṣùgbọ́n tó ṣì le díẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ mú.

Ohun kan tún wà tí púpọ̀ nínú wa ń fojú fò ní ọjà. Ní Kadawa, lójú ọ̀nà Kánò sí Zaria, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń sá tòmátò sí tí ibẹ̀ á pupa lọ gbọọrọ. Òun ni wọ́n ń kó wá fún àwọn màlámù tó ń ta kúkà àti ata gbígbẹ. Ẹ ní busasshen tumatir lẹ fẹ́, ìyẹn tòmátò gbígbẹ lédè Hausa, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún yín. Yanrìn wà lára rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án kíákíá, ẹ sá a kó tún gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́. Ṣíbí méjì nínú ìkòkò kílò kan á fa omi tó kù mu, tòmátò pọ́ńbélé sì ni. Mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń ná owó sí sítáàṣì tí èyí bá wà nílẹ̀.

Àwọn tó sì rò pé bó bá ṣe ki tó ni pízà ṣe dáa tó, kí wọ́n gbọ́ ti ìlú Naples ní Ítálì. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo pízà ìlú náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, kì í sè é rárá: tòmátò bíbó ni wọ́n ń fọ́, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, ó parí. Ààrò wọn ló gbà wọ́n láyè. Ooru rẹ̀ ń lọ sí ìwọ̀n 430 sókè, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni pízà ń lò nínú rẹ̀. Ààrò gáàsì tiwa kì í sábà kọjá 250. Pízà á jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi ọbẹ̀ á sì ráyè rin ìyẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi gbọ́dọ̀ ki, ṣùgbọ́n kó má ki bíi pésìtì, torí òkè rẹ̀ á jó.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ bu ṣíbí kan sórí àwo tútù. Bí omi kò bá yí i ká lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, torí yóò tún ki sí i bó bá tutù. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé bí omi ṣe ń dín ni iyọ̀ ń pọ̀. Aáyù, òróró díẹ̀, ewé efinrin bí ẹ bá fẹ́. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún bámúbámú tó fún pízà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Bó bá wá di oṣù keje tí òjò ń rọ̀, tí tòmátò wọ́n, tí èyí tó wà nílẹ̀ sì ti rà, ẹ ra agolo, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá èyí tí kò ní sítáàṣì. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró dín in díẹ̀ kí òórùn agolo lè kúrò, kí ẹ sì bu omi bíi gíráàmù 80 sí 90 sí gíráàmù 70 rẹ̀.