Èsì wa fún oníbàárà tó ní processor òun kò gbọ́ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ sì kú ìnáwó Ojúde Ọba. A ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ẹ gbé processor (ẹ̀rọ tó ń pín ohùn mixer fún básì àti họ́ọ̀nù) oníwọlé 2, oníjáde 6 yìí lọ síbi àríyá rẹgbẹ́rẹgbẹ́ kan. Básì ń dún, họ́ọ̀nù méjèèjì, àwọn tó ń gbé ohùn tínrín jáde, yadi, iná pupa ń tàn níwájú ẹ̀rọ, ẹ tẹ bọ́tìnì títí kò dáhùn. Nígbà tí ẹ wá rí i ṣí, tí họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, iná mànàmáná lọ, gbogbo ètò sì pòórá. Ẹ ní ayédèrú ni. Ó dùn wá pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín lójú àwọn tó sanwó fún yín. Mo fẹ́ dáhùn ní gbangba, torí ẹ̀rọ yìí kan náà wà lọ́wọ́ àwọn míì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù.

Ayédèrú kọ́. Bọ́tìnì Mute ló ń pupa. Bó bá pupa, ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde níbẹ̀ wà ní títì. Nígbà tí a ń dán ẹ̀rọ náà wò ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà básì nìkan la ṣí, torí a kò tíì rí ìwé họ́ọ̀nù yín. A fi ètò náà pamọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ yìí máa ń tọ́jú Mute mọ́ program (ètò tí a bá fi pamọ́). A sì fi Lock ti ojú rẹ̀, kí ọwọ́ ọmọdé tàbí ti àlejò má baà yí i. Bí Lock bá wà níbẹ̀, ẹ lè máa wo gbogbo nǹkan, ẹ kò ní lè yí ìkankan padà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ ṣí họ́ọ̀nù, ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ gé ohùn rẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún pa iná pupa yẹn, ẹ tẹ Edit ọ̀nà họ́ọ̀nù, ẹ máa ṣí ojú ìwé rẹ̀ títí ẹ ó fi dé crossover, ibi tí a ti ń gé ohùn básì kúrò lára tirẹ̀. Ẹ wo iye Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe tínrín tó) tí wọ́n kọ sínú ìwé họ́ọ̀nù, ẹ fi kókó yí i dé ibẹ̀, ẹ má lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ yan 24 dB, ìyẹn bí gígé náà ṣe máa mú tó. Bí ẹ bá gé e ní 2,000 Hz, ohùn tó wà ní 1,000 Hz kò ní lágbára tó ìdá kan nínú 200 mọ́ kó tó kan díáfúrámù, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n nínú họ́ọ̀nù. Bí básì bá wọ họ́ọ̀nù lódindi, díáfúrámù lè ya kí olórin tó kọ ẹsẹ kan tán, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ní ti ètò tó pòórá, ohun tí ẹ bá yí kò tíì wọ ibi ìpamọ́. Ẹ tẹ Store, ẹ yan nọ́ńbà, ẹ tẹ Enter. Yóò bi yín bóyá ó dá yín lójú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, wọ́n rò pé ó ti parí. Ẹ tún Enter tẹ̀. Bí iná bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ fi pamọ́ ni yóò gbé wá.

Bí Clip, iná tó ń sọ pé ohùn ti pọ̀ jù, bá ń pupa lápá ìwọlé, mixer ni kí ẹ fà sílẹ̀. Limit (iná tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ń ká ohùn lọ́wọ́ kò) tó bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Èyí tí kò kú rárá, ẹ dín ohùn kù.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí tí họ́ọ̀nù kan ṣì yadi, ẹ pa ámpù ná, kí ẹ fi okùn tó wà ní Out 3 pààrọ̀ ti Out 6, nítorí họ́ọ̀nù òsì àti ọ̀tún ni àwọn méjèèjì, ètò kan náà ló wà lórí wọn. Bí ìdákẹ́ náà bá ṣí lọ sápá kejì, processor ló ní àrùn: ẹ gbé e wá pẹ̀lú rìsíìtì, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ gbé họ́ọ̀nù wá, a ó bá yín yẹ díáfúrámù rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́.