Ìkànnì tiwa tàbí WhatsApp: ibo ni kí àwa oníbúlọ́ọ̀gì Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa kóra jọ sí?

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí à ń fi WordPress kọ búlọ́ọ̀gì láti Ìjẹ̀bú dé Rẹ́mọ, ó ti tó kí a ní ìkànnì tiwa, níbi tí ẹni tí nǹkan bá dojú rú mọ́ lọ́wọ́ ti lè béèrè, kí ìdáhùn sì wà níbẹ̀ títí. Lánàá, ẹnìkan tún béèrè nínú WhatsApp wa pé kí ló dé tí àdírẹ́sì ohun tí òun kọ fi kún fún àmì %. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. A ti dáhùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ má bínú, mi ò gbà. Ta ni yóò máa sanwó rẹ̀? Orúkọ ìkànnì, ọdọọdún là ń san án. Ibi tí a gbé e sí, owó ni. Dọ́là sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. WhatsApp wà lórí fóònù gbogbo wa. Mo béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ wà lórí iná, kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ́n ti dá mi lóhùn.

Ará Ṣàgámù: Ìyá wa, ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni ìdáhùn yẹn wà lónìí? Fóònù mi bàjẹ́ léṣìí, gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ yín bá a lọ. Ẹni tó wọlé lónìí kò rí ọ̀rọ̀ èṣí, Google kò sì lè wo inú ibẹ̀.

Bọ̀dá Ìpẹru: WordPress.org ní ibi ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe? Mo ti rí irú ẹ̀ rí: oṣù mẹ́ta ló fi gbóná, lẹ́yìn náà àwọn onípolówó jìbìtì gba ibẹ̀ kan.

Ọmọ Alárè: Bọ̀dá, àwọn ará ibẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ń kọ Yorùbá? Ẹ wo "ẹ́". Kò ní àmì kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. "Ẹ" ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí wọ́n tó gbé àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á tẹ "e" lásán, á fi kiní kékeré sí i nísàlẹ̀, á wá gbé àmì lé e. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí méjì, kí ẹni tó ń wá "Rẹ́mọ" má rí "Rẹ́mọ" tí ẹlòmíràn kọ. Irú àmì tó dá dúró bẹ́ẹ̀ náà ló lè di % nínú àdírẹ́sì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà láìfi àmì sí i. Ojude-oba, ó parí.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìkẹ́nnẹ́: Háà! Ohun tí mo kọ nípa Ojúde Ọba nìyẹn! Àdírẹ́sì rẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ní òun rò pé àwọn oníjìbìtì ló fi ránṣẹ́, kò ṣí i. Ó dùn mí gan-an.

Ará Ṣàgámù: Ilé onílé tún ni WhatsApp. Yahoo ti GeoCities, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìkànnì sí lọ́fẹ̀ẹ́, pa ní 2009. My Opera, tí àwọn oníbúlọ́ọ̀gì ti ní ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́, wọ́n tì í ní oṣù kẹta 2014. Yahoo Groups, ibi ìjíròrò ẹgbẹ́, lọ ní 2020. WordPress yàtọ̀: láti 2003 tí Matt Mullenweg àti Mike Little ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sílé ara rẹ̀. bbPress, ètò ìjíròrò tí WordPress.org fi ń ṣe ibi ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Bọ̀dá Ìpẹru: Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yẹn wọ̀ mí létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ẹ wo àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, l'Ójúde Ọba. Aṣọ wọn la máa ń rí, àmọ́ àwọn tó ń kọ orúkọ tó sì ń gbowó ló mú un dúró. Tí owó ọdún méjì kò bá wà nílẹ̀, tí ẹni méjì kò sì fọwọ́ sí i pé àwọn á máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, mi ò bá yín dá sí i.

Ọmọ Alárè: Mo fọwọ́ sí i. Ó ku ẹnìkan.

Ará Ṣàgámù: Èmi nìyí.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìkẹ́nnẹ́: Kí a ṣì máa béèrè ní WhatsApp o, ìdáhùn tó bá dáa ni kí a máa gbé lọ sí ìkànnì. Ní Sátidé, màá ṣa gbogbo èyí tó wà lórí fóònù tèmi. Bọ̀dá, èló ni owó ọdún méjì yẹn?