Ṣé ó tọ́ kí a máa fi okùn mú alángbá rìn?

Aránṣọ Ìgbógbó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Láti ọdún tó kọjá ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ti ń tọ́ alángbá kan tí ó rí lẹ́yìnkùlé nígbà tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Orí rẹ̀ ti ń pọ́n báyìí, a ti mọ̀ pé akọ ni. Mo fi ègé àǹkárá àti rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò rán okùn kan fún un, èyí tí ó gba abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, tí ó sì so pọ̀ ní ẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni ó ń sùn gbalaja bí òkú. Ní báyìí, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí máńgòrò, a sì máa mi orí sí ọmọ náà bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí a sọ. Àwọn aládùúgbò ní ìwà ìkà ni. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀dẹ̀: Aránṣọ wa, ẹ má bínú sí mi. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ewúrẹ́ tí okùn ń dùn a máa ké, ajá a máa gbó, ṣùgbọ́n alángbá kò ní ohùn tí yóò fi bẹ̀ yín. Ẹ̀rù ló mú un sùn gbalaja ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn.

Ọmọ Ẹ̀bùté: Mo ń ta kò yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mà. Alángbá onírùngbọ̀n ti ilẹ̀ Austrálíà wà tí àwọn òyìnbó ń fi okùn mú rìn lójú pópó, tí yóò sì dùbúlẹ̀ lé èjìká olówó rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá tú ti ọmọ yìí sílẹ̀, ológbò tàbí àṣá ni yóò gbé e. Okùn náà ń dáàbò bò ó.

Olùkọ́ Ìmọ̀tà: Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bùté, inú ilé ni wọ́n ti ń bí àwọn onírùngbọ̀n tí ẹ ń wí, láti ìran dé ìran, ara wọn sì balẹ̀ ju ti àwọn tiwa lọ. Aránṣọ, ẹ jọ̀wọ́, aago mélòó ni ẹ máa ń mú un jáde?

Aránṣọ Ìgbógbó: Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni sà, kí ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé.

Olùkọ́ Ìmọ̀tà: Mo fura bẹ́ẹ̀. Alángbá kò lè fúnra rẹ̀ mú ara rẹ̀ gbóná bí àwa ènìyàn. Oòrùn ni ó ń yá. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ara rẹ̀ ṣì tutù, kò lè sáré bí ó tilẹ̀ fẹ́, òun ni ó fi ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Orí tí ó sì ń mì, bí akọ ṣe ń sọ fún akọ mìíràn pé òun ló ni ògiri nìyẹn.

Ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Egungun ìhà ni alángbá fi ń mí: ó ń fẹ̀, ó ń sún kì. Ní ọdún 1987, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, David Carrier, kọ̀wé pé iṣan tí alángbá fi ń mí náà ni ó fi ń yí ìhà rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí ó bá ń sáré, nítorí náà mímí àti eré sísá kì í lè bá ara wọn lọ dáadáa. Gbogbo wa ló ti rí i lára ògiri: á sáré fìrì, á dúró, á tún sáré. Bí rọ́bà bá wá ká àyà mọ́ irú ẹranko bẹ́ẹ̀, níbo ni yóò ti rí èémí?

Nọ́ọ̀sì Àgbọwá: Kí ọmọ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ó bá gbé e, kí ó má sì gbé e wọ ibi ìdáná. Kòkòrò àrùn Salmonella a máa wà nínú ìgbẹ́ alángbá tí ara rẹ̀ le koko.

Ọmọ Ẹ̀bùté: Mo gbà pé rọ́bà kò dára. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ rán òmíràn tí ìka yóò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a jù ú sójú ògiri tí akọ mìíràn ti jọba, níbi tí wọn yóò ti fi ìrù na ara wọn.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀dẹ̀: Ta ló ní kí ẹ jù ú? Mo ní kí ẹ tú u.

Aránṣọ Ìgbógbó: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi abẹ já rọ́bà náà. Níbi tí ó gbà kọjá lábẹ́ apá, awọ rẹ̀ ti bó, ó sì funfun bí ẹfun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé èmi ni mo fa rọ́bà yẹn le kí ó má baà bọ́. Ọmọ ń sunkún pé yóò sá lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn bá ti mú dáadáa, a ó gbé e sí ìdí máńgòrò láìsí okùn, èmi yóò sì jókòó tì í pẹ̀lú igi lọ́wọ́ nítorí ológbò.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹ bá mi kí ọmọ náà.