Ẹ Yọ Kápúsù Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ọdún 80

Bí NRC, àjọ tó ń mójú tó agbára átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà, ṣe ń fún àwọn riákítọ̀ àtijọ́ ibẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná) láṣẹ láti ṣiṣẹ́ pé ọdún 80, ìbéèrè tí a ti ń bi wọ́n kò tíì rí ìdáhùn: kí ló wà nínú irin ìkòkò ńlá tí epo átọ́míìkì wà nínú rẹ̀?

Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni ọ̀ràn wà. Nígbà náà lọ́hùn-ún, bàbà ni wọ́n fi ń bo wáyà tí wọ́n fi ń jó irin, kó má baà dógùn-ún. Bàbà yẹn yọ́ wọ inú irin. Níbòmíràn ó lé ní 0.3%. Ní nǹkan bíi 290°C tí ìkòkò fi ń ṣiṣẹ́, irin kì í gba bàbà mọ́ra púpọ̀. Níútírọ́ọ̀nù, ègé átọ́ọ̀mù tó ń fò jáde látinú epo náà, á gbá átọ́ọ̀mù irin kúrò ní àyè rẹ̀, bàbà á gba àlàfo tó ṣí sílẹ̀ rìn, á ṣù jọ ní ìwọ̀n nànómítà méjì-mẹ́ta. Níkẹ́lì, mangáníìsì àti sílíkọ́nì á lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tó yẹ kó tẹ̀ kó tó ya kò ní lè tẹ̀ mọ́. Bí omi tútù bá ya lù ú nígbà pàjáwìrì, ó lè là.

Ìlànà NRC kan, RG 1.99 ti ọdún 1988, ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò bí irin ṣe ń gan tó. Nínú gbogbo èròjà irin, bàbà àti níkẹ́lì nìkan ló kà. Ó ní kí ẹni tí kò mọ iye tirẹ̀ fi 0.35% bàbà àti 1.0% níkẹ́lì ṣírò; ìyẹn dára, kò fi àìmọ̀ ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, mangáníìsì, níkẹ́lì àti sílíkọ́nì ń dá ṣù jọ, àní nínú irin tí bàbà rẹ̀ kéré. Àwọn òṣìṣẹ́ NRC fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣirò náà ń fojú kéré ìbàjẹ́ bí níútírọ́ọ̀nù bá ti pọ̀. Kí ni wọ́n wá ń dúró dè?

Ti kápúsù ló ń bí wa nínú jù. Kápúsù ni àpótí kékeré tí wọ́n kó ègé irin ìkòkò sí nínú riákítọ̀, níbi tí níútírọ́ọ̀nù ti ń bà á ju ògiri ìkòkò lọ, kí wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n fi òòlù ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Charpy ṣẹ́ ègé náà, kí wọ́n sì mọ bí ògiri yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Tí àkókò bá tó láti yọ ọ́, iléeṣẹ́ mìíràn á ní kí wọ́n sún un síwájú, àjọ á sì gbà. Ẹ wo ohun tí àìmọ̀ lè fà: wọn kò mọ iye bàbà tó wà ní ojú jíjó ìkòkò Yankee Rowe, riákítọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Iyèméjì yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n tì í pa ní 1992.

Kí NRC má fọwọ́ sí ọdún 80 fún riákítọ̀ tí wọn kò tíì dán kápúsù rẹ̀ tó ti gba níútírọ́ọ̀nù ọdún 80 wò. Kí wọ́n gbé iye bàbà, níkẹ́lì, mangáníìsì, sílíkọ́nì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ojú jíjó kọ̀ọ̀kan síta. Ìkòkò tó bá ti gan jù, kí wọ́n yan án nínú ooru nǹkan bíi 475°C, bí wọ́n ti ṣe ní ibùdó riákítọ̀ Loviisa ní Finland ní 1996, tàbí kí wọ́n tì í. Níbi tí kápúsù bá ti tán, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba kí wọ́n tó gbé gègé.