Ẹ sọ fún wa kí ẹ tó gba owó fọ́ọ̀mù

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́, mi ò sì ní gbé e mì mọ́. Kí ló dé tí ejẹ́ńtì tó ń bá èèyàn wá ilé á gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ èèyàn, á gba owó ìnspẹ́kṣọ̀n, ìyẹn owó àtiwo ilé, lẹ́yìn náà ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé onílé ò gba ẹni tó bá ti jẹ gbèsè owó ilé rí? Ṣé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó na ọwọ́ gba owó ni?

Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń wá yàrá kan àti pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fọ́ọ̀mù tí wọ́n tà fún mi ṣe rí. Fótókópì ni, wọ́n ti fótókópì ẹ̀ títí tí lẹ́tà ibẹ̀ fi ń parẹ́. Orúkọ, ẹ̀sìn, ìlú, iṣẹ́, iye èèyàn tó máa bá mi gbé, NIN, oníduuró méjì tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n béèrè nọ́ńbà onílé tí mò ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, àti ìdí tí mo fi ń kúrò. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni pé ṣé wọ́n ti gbé mi lọ sí kóòtù rí nítorí owó ilé. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n ta ìwé kan ṣoṣo yẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo tún san kí n tó fojú kan ilé náà. Mo béèrè rìsíìtì, ó ní àwọn kì í kọ rìsíìtì fún fọ́ọ̀mù.

Òótọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Odógunyàn dá wa dúró, owó oṣù tó kù tí wọ́n jẹ wá sì wọgbó. Owó ilé pé, kò sí lọ́wọ́. Onílé gbé mi lọ sí kóòtù Májísíréètì, a fẹnu kò sí iye tí màá máa san lóṣooṣù, mo sì san án tán láìku kọ́bọ̀. Ìwé tí bàbá náà fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí pé mi ò jẹ òun ní gbèsè mọ́ wà nínú fáìlì tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ejẹ́ńtì ò tilẹ̀ ṣí fáìlì náà wò. Ó pe bàbá onílé àtijọ́ lójú mi, ó gbé fóònù sí sípíkà. Bàbá náà ò purọ́ mọ́ mi. Ó ní, "Kò jẹ mí ní nǹkan kan. Ó kàn jẹ́ pé kóòtù ni mo fi gbà á ni." Ejẹ́ńtì ní, "Ẹ ṣé gan-an, Dádì," ó pa fóònù, ó kọjú sí mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Bàbá tó nilé yìí ò fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kan kóòtù." Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní owó fọ́ọ̀mù kì í padà. Kí n tó dìde, obìnrin kan tó pọn ọmọ ti ń ka owó tiẹ̀ sórí tábìlì. Fọ́ọ̀mù ilé kan náà ni.

Mi ò sọ pé kí onílé má wádìí ẹni tó fẹ́ gbé ilé ẹ̀. Ẹni tó forí ṣe fọrùn ṣe kó tó kọ́lé lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù, nítorí àwọn ayálégbé kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń fi ojú onílé gbolẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ wádìí ni yóò san owó ìwádìí? Ìpè fóònù kan péré ni ó ṣe! Tí onílé bá ti sọ fún ejẹ́ńtì pé òun ò gba irú èèyàn báyìí, ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó ti sọ ọ́. Tó bá mọ̀, tó dákẹ́, tó gba owó, olè ni.

Àwọn báńkì pàápàá ò burú tó báyìí. Ibi tí báńkì ti ń wo ìtàn gbèsè èèyàn, tí wọ́n ń pè ní credit bureau, ní òfin tiẹ̀ láti ọdún 2017. Èèyàn lè béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa òun, bí wọ́n bá sì kọ irọ́ síbẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Gbèsè tí o bá san tán, wọ́n á kọ ọ́ pé o ti san án. Lọ́dọ̀ ejẹ́ńtì, ẹni tó san án àti ẹni tó sá lọ, ọ̀kan náà ni.

Bí wọ́n bá sì wá gbà ọ́ nítorí pé o bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní kí o san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn onílé lè balẹ̀. Àgírímẹ́ǹtì tiẹ̀ tún wà, kọmíṣọ̀n wà, kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, náà wà. Níbo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ti fẹ́ rí ìyẹn? Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé onílé tàbí ejẹ́ńtì ò gbọ́dọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá ṣe é, ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà ni owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àwọn àdúgbò bí Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ìkòròdú ò sí nínú wọn. Òfin yẹn kan náà ló ní kí wọ́n kọ rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó kọ́ṣọ̀n, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé fún ayálégbé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bí wọ́n ṣe ná an. Ta ló ti gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ rí, láti Sábó dé Ìjẹdẹ̀?

Mò ń gbé ọ̀rọ̀ tèmi lọ sí Citizens' Mediation Centre, níbi tí ìjọba Èkó ti ń bá èèyàn parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lè má tó nǹkan lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ilé, ẹ má fún wọn lówó lọ́wọ́. Tiransífà ni kí ẹ ṣe láti báńkì, kí ẹ sì kọ "owó fọ́ọ̀mù" sí i kó lè ní àkọsílẹ̀. Kí ẹ tó ṣe é rárá, ẹ bi ejẹ́ńtì náà léèrè pé: ṣé onílé yìí ń gba ẹni tó jẹ gbèsè rí, tó sì ti san án? Tó bá ń wò ṣùù, ẹ máa lọ.