Ta ló sọ fún yín pé 300 nínú JAMB ti di Mẹ́dísìn?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá kan ní àdúgbò wa dá mi dúró níwájú ilé. Ọmọ wọn gba 311 nínú JAMB, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti na fóònù sí mi: ọmọ náà rèé nínú fọ́tò, ó wọ aṣọ funfun dókítà, bẹ́ẹ̀ post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, kò tíì dé. "Dókítà, ẹ ti ní àbúrò lẹ́nu iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ti lu 300, ó ti wọ Mẹ́dísìn nìyẹn."

Mo kí wọn kú oríire, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Kì í ṣe sí wọn, sí gbólóhùn yẹn ni. Ọdọọdún ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu òbí, lẹ́nu tíṣà, àní lẹ́nu àwọn tó ń bá èèyàn fi orúkọ sílẹ̀ ní káfè, tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irọ́ ni. 300 kò mú ẹnikẹ́ni wọlé. Ibi tí ìdíje ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń gbé èèyàn dé.

Ẹ jẹ́ ká mú bírò. JAMB jẹ́ 400: sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Mẹ́dísìn ni Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé-ìwé tí gbogbo yín ń lé kiri, ta ló ń gbé 400 yẹn bó ṣe wà? Wọ́n á kọ́kọ́ pín in ni. Ní Yunifásítì Èkó, wọ́n ń pín in sí ọ̀nà 8 kó lè di 50. WAEC tàbí NECO, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì, gba 20, post-UTME gba 30. Nínú 20 ti WAEC yẹn, sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni wọ́n ń kà: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2.

Ó dáa. Ọmọ kan gba 320, gbogbo ilé ń jó. 320 yẹn di 40. WAEC rẹ̀ ní A1 kan, B3 méjì, C4 kan àti C6 kan: 15.2. Ó dé ibi post-UTME, ó mú 15. Ẹ rò ó pọ̀: 70.2. Ọmọ kejì gba 280, kò sẹ́ni tó jó fún un. 280 di 35. WAEC rẹ̀ ní A1 méjì, B2 méjì, B3 kan: 18.4. Ó mú 24 nínú post-UTME. Ẹ rò ó pọ̀: 77.4. Odindi máàkì 40 tí ẹni àkọ́kọ́ fi ta ẹnì kejì yọ nínú JAMB, 5 péré ló dà nígbà tí wọ́n pín in tán. C6 kan àti ìbéèrè mélòó kan tó ṣì nínú post-UTME ti gbé 5 yẹn mì.

Ti Ìbàdàn tún wá le jù. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń pín JAMB sí ọ̀nà 8, tí wọ́n ń pín post-UTME sí ọ̀nà 2, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: máàkì kan nínú post-UTME ń ṣiṣẹ́ máàkì mẹ́rin nínú JAMB. Ẹni tó bá fi máàkì mẹ́wàá ta ọ́ yọ lọ́jọ́ post-UTME, bí ẹni pé ó fi 40 lù ọ́ nínú JAMB ni. Ọmọ tó fi oṣù mẹ́fà kàwé fún JAMB, tó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ti post-UTME, kò mọ èyí tó wúwo. Ní Ifẹ̀, JAMB gba 50, post-UTME gba 40, WAEC gba 10. Ẹ ṣe ìṣírò ìyẹn fúnra yín.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti ṣe mí rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe JAMB, mo gba 304. Bàbá mi pe gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń pè mí ní "Dókítà" títí tí èmi náà fi gbà á gbọ́. Mo gbé ìwé jù sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí post-UTME dé, mo mú 47 nínú 100. Ilé-ìwé tí mo yàn, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ń pín tiwọn sí ọ̀nà 8 àti ọ̀nà 2, ìyẹn fún mi ní 38 àti 23.5, àpapọ̀ 61.5. Kò tilẹ̀ sún mọ́ Mẹ́dísìn. Zoology ni wọ́n fún mi. Mo kọ̀ ọ́, mo jókòó sílé ọdún kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì yé pè mí ní Dókítà. Lọ́dún kejì, 283 ni mo gbà, kò sẹ́ni tó pe ẹbí. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n. Mo mú 76 nínú post-UTME. Wọ́n gbà mí.

Èmi kan náà nìyẹn o. 304 kùnà, 283 wọlé.

Bí ìyẹn kò bá tó yín, ẹ wo iye àwọn tó gba 300. Nínú èsì tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni àdúgbò yín ń jó fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lé Mẹ́dísìn, ilé-ìwé díẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń rọ́ lọ. Ilé-ìwé wọ̀nyí kò sì lè kàn fẹ àyè. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà nílẹ̀ Nàìjíríà, ló ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà, ilé-ìwé tó bá kọjá iye yẹn sì ń jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń pín àyè náà. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé 45 nínú 100 lọ fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù láìka ibi tó ti wá sí, 35 fún ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Kwara wà nínú ti ìkẹyìn yìí, nítorí náà ọmọ Ọ̀fà lè wọlé pẹ̀lú máàkì tí kò ní ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú láǹfààní. Kí ọmọ Ìjẹ̀bú má bínú, èmi kọ́ ni mo ṣe òfin.

Ẹ má tún gbàgbé pé ẹni tí kò bá fi Ìbàdàn, Èkó tàbí Ifẹ̀ ṣe ilé-ìwé àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, wọn kì í wò ó, ì báà gba 350.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Àbúrò ọkọ mi gba 300, wọ́n sì mú un." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó mú nínú post-UTME. Àwọn àgbà wa ló sì ń tan ọ̀rọ̀ yìí jù, nítorí pé kí post-UTME tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, JAMB ló ń gbé èèyàn lọ lóòótọ́. Ogún ọdún ti kọjá. Mo gbà, ilé-ìwé lè yí ìṣírò rẹ̀ padà lọ́dún kan, máàkì tó kéré jù tí wọ́n ń gbà kì í sì í dúró sójú kan. Ìyẹn gan-an kò tún sọ pé 300 ti tó.

Lálẹ́ Ọjọ́rú mo padà lọ bá ìyá náà. Ohun mẹ́ta ni mo bi wọ́n: ilé-ìwé wo ni ọmọ fi ṣe àkọ́kọ́, kí ló mú nínú Físíìsì ní WAEC, kí ló sì ń kà lọ́wọ́ fún post-UTME. Wọ́n dáhùn méjì àkọ́kọ́ wéré. Fún ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọmọ ti wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó ń sinmi, ó ti kàwé tó.